Ẹ̀rí Tí Èéfín Òwúrọ̀ Ń Jẹ́

Bí wọ́n bá gbé Porsche 911 sí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, tí wọn kò tan án fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ohun tí yóò ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá padà tan án lè já olówó rẹ̀ láyà. Ẹ́ńjìnnì á ké, sàlẹ́ńsà á sì tú èéfín aláwọ̀ aró jáde, tí aládùúgbò á fi yọjú lójú fèrèsé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, èéfín á pòórá, ọkọ̀ á sì máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó rí i ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ á búra pé ẹ́ńjìnnì náà ti bàjẹ́. Ẹni tó dé ní ìṣẹ́jú karùn-ún á búra pé ara rẹ̀ le koko. Ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì rí, ojú kò sì tan ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ.

Ta ni nínú wọn ló mọ ọkọ̀ náà? Ó dà bí ìbéèrè ilé mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ó ti wà láyé kí ẹnikẹ́ni tó rọ písítìn. Ohun tó wà nínú kò ṣeé fojú rí; ohun tó jáde ni ojú ń rí. Báwo ni ènìyàn ṣe lè ti ara ohun tó jáde mọ ohun tó wà nínú, kí ó sì dá ẹjọ́ tí kò ní jẹ́ irọ́ mọ́ ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́? Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ní Íńdíà àti ní Gíríìsì ti jiyàn lé e lórí. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ní ìtàn tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn onísègùn Yorùbá náà ti sọ tiwọn. Ẹ́ńjìnnì alágbára wulẹ̀ mú kí ìbéèrè náà hàn kedere ni, torí pé ó ṣeé tú wò tí àríyànjiyàn bá parí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin náà kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sílíńdà dúró lóòró. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á ṣàn wálẹ̀. Ti 911 kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Porsche ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Frankfurt ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni sílíńdà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń dùbúlẹ̀, mẹ́ta kọjú sí òsì, mẹ́ta kọjú sí ọ̀tún. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í ga, ìwúwo ọkọ̀ á sì wà nísàlẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ó dúró gbọn-in bó bá ń yí kọ́nà lórí eré. Subaru náà ń lo irú rẹ̀ láti ọdún 1966. Àmọ́ bí sílíńdà bá ti dùbúlẹ̀, ọ́ìlì tó kù lára ògiri rẹ̀ kò rí ibi ṣàn lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìn kọjá sí ibi tí epo ti ń jó, yóò sì dúró síbẹ̀ de iná. Iná àkọ́kọ́ ló ń jó o. Èéfín aláwọ̀ aró náà kò ju àjẹkù ọjọ́ tí wọ́n pa ọkọ̀ lọ.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún eré líle, ooru ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, písítìn kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ́ álúmíníọ́mù dà. Rírọ ni wọ́n rọ ọ́, kí ó lè gba ìyà tí iná àti ìtẹ̀ ń fi jẹ ẹ́. Àwọn àdàlù irin tó lágbára jù lọ fún iṣẹ́ yìí máa ń fẹ̀ gan-an bí wọ́n bá gbóná, nítorí náà ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín písítìn àti ògiri sílíńdà. Ní òtútù, àyè náà gbòòrò: písítìn á máa kan ògiri kó-kó-kó, ọ́ìlì á sì rí ọ̀nà gbà. Bí ooru bá ti mú un, àyè á dínkù, ariwo á dákẹ́, èéfín á sì tán. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má rú èéfín rárá láàárọ̀, tó wá fún àyè náà pọ̀, á rí i kí písítìn gan mọ́ ògiri nígbà tí eré bá le. Àlàfo tó ń dójú ti ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ ni àlàfo tó ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí ní ọ̀sán.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ èyí, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún awakọ̀ lọ́nà tiwọn. BMW M3 tó jáde ní ọdún 2000 ní àwọn iná kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ agogo tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá tutù, púpọ̀ nínú wọn á tàn, láti kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kó má tíì tẹ ẹ́ dé ibẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná ni wọ́n ń kú tẹ̀ léra. Ti Formula One tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì wọn mọ́ra débi pé kò ṣeé jí lótùútù rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ darí omi gbígbóná àti ọ́ìlì gbígbóná kiri inú rẹ̀ kó tó di pé wọ́n tan án. Ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SR-71, tó kọ́kọ́ fò ní oṣù kejìlá ọdún 1964, tó sì ń sáré ju ìlọ́po mẹ́ta ìyára ohùn lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń lò ó, a máa jo epo sílẹ̀ nígbà tó bá wà ní pápá. Ooru ojú òfuurufú ni wọ́n ro mọ́ ìsopọ̀ àwọn páànù ara rẹ̀. Ẹni tó bá dá a lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ á ní ahẹrẹpẹ ọkọ̀ ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ìgbà wo gan-an ni nǹkan ń jẹ́ ara rẹ̀? Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, gbà pé iṣẹ́ tí nǹkan wà fún ló ń fi irú ohun tó jẹ́ hàn: ojú di ojú nípa ríríran, ọ̀bẹ di ọ̀bẹ nípa gígé. Bí a bá tẹ̀ lé e, 911 ọ̀sán, tó gbóná, tó ń já lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ni 911 tòótọ́. Ti òwúrọ̀ wulẹ̀ ń bọ̀ wá di ara rẹ̀ ni. Ìdáhùn náà wuni, ṣùgbọ́n kò pé. Òwúrọ̀ ẹnìkan ni ẹlòmíràn ń fà símú.

Ẹ wo kátálíìsì, àpò irin tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium tẹ́ inú rẹ̀. Òun ló ń sọ gáàsì olóró di èyí tí ewu rẹ̀ kéré. Kò lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa àfi bó bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 250 sí 300. Kó tó gbóná dé ibẹ̀, epo tí kò jó tán àti carbon monoxide ń gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ sí ìgboro. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà òtútù náà gan-an ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń da epo kún epo, torí pé epo bẹntiróòlù kì í tètè di ooru nínú irin tútù. Ọmọ tó ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kọjá lọ sí ilé ìwé ní aago méje kò ní ẹ́ńjìnnì ọ̀sán láti bá ṣe. Ti òwúrọ̀ ni tirẹ̀. Pé èéfín ní àlàyé kò sọ pé kò pa ọmọ náà lára. Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì gbọ́ ẹjọ́ yìí. Wọ́n ṣètò ọkọ̀ òde òní kí ó máa yí kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, kí iná rẹ̀ sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó tanná sí epo, kí gáàsì gbígbóná lè tètè yan kátálíìsì. Ìdí rèé tí àwọn ọkọ̀ olówó gọbọi fi ń bú ramúramù fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ariwo tó ń bí aládùúgbò nínú náà wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe kí afẹ́fẹ́ tó ń mí lè mọ́.

Wàyí o, bí ẹ̀rí bá jáde, kí ló ń sọ? Àwọn mẹkáníìkì ń ka àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó funfun, tó tinrin, tó sì ń pòórá, omi ni: lítà epo bẹntiróòlù kan tó jó ń bí omi tó tó nǹkan bíi lítà kan, nígbà tí hydrogen inú epo bá pàdé oxygen inú afẹ́fẹ́, omi náà sì ń hàn bí ìkùukùu nígbà tí irin sàlẹ́ńsà bá tutù. Ṣùgbọ́n bí èyí tó funfun bá kọ̀ tí kò lọ, tó ń rùn dídùn-dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń wọ inú iná, gásíkẹ́ẹ̀tì sì ṣeé ṣe kó ti jó. Aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ni. Dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá rí i tún ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Èéfín aró tó wà fún ìṣẹ́jú kan láàárọ̀ tó sì lọ lè jẹ́ ti sílíńdà tó dùbúlẹ̀, tàbí ti rọ́bà fáàfù tó ti le, tí ọ́ìlì ń kán gba ara rẹ̀ lóru. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́, ló ń rú, ojú á lọ sára ríǹgì tàbí sílíńdà tó ti ha. Àwọ̀ kan náà, wákàtí méjì, ẹ̀sùn méjì.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà ti ń fi èéfín kọ́ ọmọ ní ìrònú láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé. Àpẹẹrẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Nyaya mọ̀ ni ti òkè tó ń rú èéfín. Ènìyàn dúró lókèèrè, ó rí èéfín lórí òkè, ó ní iná wà níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí: torí èéfín. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ibikíbi tí èéfín bá wà, iná wà níbẹ̀, kó sì fi ibi tí ó ti rí méjèèjì pọ̀ ṣe ẹ̀rí: ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ni yóò fi hàn pé òkè yìí wà lábẹ́ òfin kan náà. Dharmakirti, ọlọ́gbọ́n onísìn Búdà tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje, fi ìkìlọ̀ kan kún un tó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo ilé ìtajà ọkọ̀: bí kò bá dá ọ lójú bóyá èéfín ni ohun tí o rí tàbí ìkùukùu, o kò tíì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Olùrà tó rí ooru omi funfun tó sì ké pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń ronú. Ó ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń wòran.

Àwọn ará Nyaya lọ síwájú ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ inú ẹ́ńjìnnì gan-an. Wọ́n ní èéfín ń jẹ́rìí iná, ṣùgbọ́n iná kò fi dandan jẹ́rìí èéfín. Irin tí iná ti mú pupa foo gbóná ju igi lọ, kò sì rú èéfín kankan. Kí iná tó lè rú èéfín, igi tútù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ipò yẹn, tútù igi, ni ohun tó fara pamọ́ sáàárín iná àti èéfín, tí aláìfarabalẹ̀ kì í rí. Gangesha, tó kọ ìwé Tattvacintamani ní agbègbè Mithila ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé wádìí irú ipò àfarapamọ́ báyìí. Ohun tí ìwádìí wọn sọ fún onímọ́tò kò lè ṣe kedere ju báyìí lọ: kí o tó sọ pé èéfín yìí fi àìsàn ẹ́ńjìnnì hàn, kọ́kọ́ béèrè bóyá òtútù ló ń sọ̀rọ̀. Bí òtútù bá lọ tí èéfín sì bá a lọ, ẹjọ́ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ìhà kejì tó yẹ kó kó ìpayà báni: bí kò bá sí èéfín, ìyẹn kò sọ pé kò sí iná.

Aristotle náà ya àmì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ. Àmì kan wà tí kò ṣeé já nírọ́: obìnrin tó ní wàrà ti bímọ. Òmíràn wà tó ṣeé já nírọ́ kódà bó bá jẹ́ òótọ́: ẹni tó ń mí gúlegúle ní ibà. Ó lè ní ibà lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó sáré dé ni. Èémí ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ wà ní ìsọ̀rí kejì yìí, iṣẹ́ onídàájọ́ sì ni láti mọ ìsọ̀rí tí àmì tó wà níwájú rẹ̀ wà kó tó la ẹnu.

Àwọn àgbà Yorùbá ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ òótọ́: ohun tó wà nínú á jáde. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ìwà. Ìwà ni ohun tó ń tún jáde, tó ń tún jáde, ní òtútù àti ní ooru, tí bíbò kò fi lè borí rẹ̀. Ní ọdún 1986, J. Olubi Sodipo àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde nípa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn onísègùn Yorùbá. Àwọn onísègùn náà le ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ lórí ohun tí wọ́n gbà pé ènìyàn mọ̀. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fúnni, ìgbàgbọ́ ni títí di ìgbà tí ènìyàn bá dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ẹni tó dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín ló fojú rí. Ríǹgì tó ní ó ti jẹ, kò rí i. Ẹnu rẹ̀ ti kúrò nínú ohun tó mọ̀, ó ti bọ́ sínú ohun tó gbà gbọ́, ó sì ń fi ohùn ìmọ̀ sọ ọ́.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ ní Kútọnu àti ní Èkó ti fi ọgbọ́n yìí kọ́ra, bóyá wọ́n ka ìwé tàbí wọn kò kà á. Ẹni tó gbọ́n kì í lọ wo ọkọ̀ ní ọ̀sán. Bó bá sì dé ibẹ̀, kó tó tan án, á fọwọ́ ba bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti mọ̀ pé ẹnìkan ti jí ẹ́ńjìnnì náà ṣáájú òun, bóyá kí èéfín àárọ̀ lè ti lọ kí owó tó dé. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á rọra sọ sí i létí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó o. Ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́la láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n má tan án ká tó dé.” Nǹkan kan ti yí padà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì. Ẹ́ńjìnnì tó rú èéfín lójú olùrà ti sọ tẹnu rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti yan kalẹ̀ kó má bàa rú u ni ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó ọ̀ràn Volkswagen. Ní Morgantown, ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí yunifásítì gbé ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, wọ́n sì wà wọ́n ní ìgboro àti lójú ọ̀nà márosẹ̀, títí kan ìrìn àjò láti Los Angeles dé Seattle. Àjọ tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, ICCT, kò wá ọ̀daràn kiri. Wọ́n rò pé àwọn á rí i pé dísẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà mọ́, kí wọ́n lè fi ṣe àpẹẹrẹ fún Yúróòpù. Ohun tí wọ́n rí nínú Volkswagen méjì tó wà lára wọn ni pé Jetta ń tú nitrogen oxide jáde ní ìlọ́po 15 sí 35 ohun tí òfin fàyè gbà, Passat ní ìlọ́po 5 sí 20. BMW X5 tí wọ́n jọ dán wò kò kọjá òṣùwọ̀n ní ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ Jetta àti Passat kan náà yege nínú yàrá ìdánwò ìjọba.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ayé. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ń dán an wò. Ó ń wo ipò ọwọ́ ìdarí, eré ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnnì ti pẹ́ tó lórí iṣẹ́, àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́. Bí ó bá rí i pé yàrá ìdánwò ni òun wà, á mú ìwà mímọ́ wọ̀. Bó bá ti jáde sí títì, á bọ́ ọ sílẹ̀. Volkswagen gbà pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ káàkiri ayé ló ní ètò náà. Ọ̀gá àgbà wọn, Martin Winterkorn, fipò sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ náà jẹ́bi nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n sì bu owó ìtanràn ọ̀daràn bílíọ̀nù 2.8 dọ́là lé e. Kò sí èéfín nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́yìn Jetta náà, òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán, kò rí nǹkankan.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀dá ènìyàn ń bẹ̀rù ohun tó rí ju ohun tó ń pa á lọ. Tetraethyl lead tí Thomas Midgley ti ilé iṣẹ́ General Motors ṣe àwárí ìwúlò rẹ̀ nínú epo ní ọdún 1921 ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an láìkan gbàgàgbàgà, kí agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjé inú epo náà ń gba inú sàlẹ́ńsà tí ojú rí pé ó mọ́ jáde, ó sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, dáwọ́ títa a fún ọkọ̀ dúró. Carbon monoxide inú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ ilé kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ti kó odindi ìdílé lọ lójú oorun ní Nàìjíríà, léraléra. Nínú gbogbo wọn, ojú tó ń wá èéfín kiri kò rí ohun tí yóò kìlọ̀ fún un.

Ó lè dà bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni kí ènìyàn máa fura sí gbogbo ohun tó bá mọ́ lójú. Ìtàn kan tó wà nínú àkójọ hádíìsì Muslim kò gbà bẹ́ẹ̀. Usama ọmọ Zayd, ọmọlẹ́yìn Ànábì Muhammad, wà lójú ogun, ó lé ọ̀tá kan bá. Bí idà ṣe gòkè, ọkùnrin náà kéde pé kò sí ọlọ́run mìíràn àyàfi Ọlọ́run. Usama pa á. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Usama ní ẹ̀rù idà ló mú un sọ ọ́. Ànábì wá béèrè bóyá ó ti la ọkàn ọkùnrin náà wò, tó fi mọ̀ pé kò tinú rẹ̀ wá. Ó tún un sọ, ó tún un sọ, títí Usama fi fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn.

Ẹ fi ìtàn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ti Volkswagen. Nínú méjèèjì, ẹ̀rí rere jáde ní ìgbà tí ìdánwò dé. Usama ní kò lè jẹ́ òtítọ́, torí ìgbà tó jáde. Àwọn ará Morgantown náà ìbá lè sọ pé ẹni tó yege níwájú olùdánwò ń díbọ́n ni. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde sí títì, wọ́n wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́. Iyèméjì kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Usama. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó gé àkókò tí ọkùnrin náà ì bá fi jẹ́rìí ara rẹ̀, ní rere tàbí ní búburú, kúrò. Ẹni tó ti kú kò ní ọ̀sán tí wọ́n máa fi wo òwúrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Wòlíì Samuẹli náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ilé Jésè, níbi tó ti lọ yan ọba, láti ìhà kejì. Ó rí Élíábù, ó rí ìrísí àti gíga rẹ̀, ó rò pé ọba dé nìyẹn. Ó ku díẹ̀ kó da òróró lé e lórí kí Ọlọ́run tó dá a dúró, a sì ní láti ránṣẹ́ pe Dáfídì nínú pápá, níbi tó ti ń da àgùntàn. Ẹjọ́ rere tó yá jù àti ẹjọ́ búburú tó yá jù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn tó ń rántí ìtàn yìí lórí àga ìwàásù sábà máa ń sọ pé kí a má wo ojú. Ó dára, àmọ́ kò tó. Samuẹli kò lè ṣàìwo ojú. Ohun tó ní láti ṣe ni kó dúró kí wọ́n mú ẹni tó kù wá.

Ibi tí ènìyàn àti ẹ́ńjìnnì ti pínyà nìyí, ó sì yẹ kí ó rẹ onídàájọ́ sílẹ̀. A kò lè la ọkàn ẹnikẹ́ni wò. Ẹ́ńjìnnì ṣeé là. Nítorí náà, ẹni tí 911 rẹ̀ bá ń rú èéfín aró, tí èéfín náà kò sì bá òtútù lọ, kò ní àwáwí láti máa méfò. Mẹkáníìkì á yọ púlọ́ọ̀gì, á ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ihò rẹ̀, á wo ògiri sílíńdà bóyá ó ti ha. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí omi ń mú tutù tí Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún 911 ní òpin àwọn ọdún 1990, híha bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Lẹ́yìn náà, á fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fún pọ̀ kún sílíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fáàfù rẹ̀ ní pípadé, á ka ìwọ̀n tó ń jò lára agogo, á sì fi etí sí ibi tó ń gbà jáde. Bó bá ń sú níbi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì, ríǹgì tàbí sílíńdà ni. Bó bá ń sú ní sàlẹ́ńsà, fáàfù tó ń tú gáàsì jáde ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Bí sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá sì di afẹ́fẹ́ mú bó ti yẹ, á dá púlọ́ọ̀gì padà, á sọ fún olówó ọkọ̀ pé kó máa gbé e sí ilẹ̀ títẹ́jú, kó máa wà á déédéé, kó sì máa wo ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ̀ láti oṣù dé oṣù.